Ẹnu, Ọwọ́ àti Ẹ̀rọ: Ìtàn Ìbẹ̀rù Àwọn Olùkọ́ Yunifásítì

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ OpenAI ní ìlú San Francisco gbé ẹ̀rọ kan síta fún gbogbo ayé, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní ChatGPT. Ẹni tí ó bá ti ní íntánẹ́ẹ̀tì lè béèrè ohun tí ó bá wù ú lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà, yóò sì fi gbólóhùn tó gún régé dá a lóhùn, bí ẹni pé ọ̀mọ̀wé kan ni ó jókòó sí ìdí rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ariwo fi sọ ní àwọn yunifásítì. Ní Páríìsì, ní oṣù kìíní ọdún 2023, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Sciences Po kọ̀wé sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ ọ́ síta lè di ẹni tí a lé kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Ní ìlú Lyon, olùkọ́ kan ṣàkíyèsí pé ìdajì iṣẹ́ tí òun gbà lọ́wọ́ kíláàsì kan jọ ara wọn lọ́nà tí kò yé òun. Nígbà tí ó wádìí, ẹ̀rọ yìí kan náà ni ó kọ wọ́n. Ní Ọsirélíà, àwọn yunifásítì ńlá mẹ́jọ kan kéde pé àwọn yóò tún máa lo ìdánwò tí a ń fi bírò kọ sórí ìwé nínú gbọ̀ngàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni a ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àwọn elédè Faransé ń pè é ní intelligence artificielle. Ìbẹ̀rù tí ó mú bá àwọn olùkọ́ yunifásítì ni a fẹ́ tọ ìtàn rẹ̀ níhìn-ín. Ìbẹ̀rù náà pín sí ọ̀nà méjì, kò sì yẹ kí a dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni pé ohun èlò tuntun yóò sọ ọpọlọ ọmọ ènìyàn di ọ̀lẹ. Ìbẹ̀rù yìí ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún láyé. Èkejì ni pé iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé wá kò fi ẹni tí ó ṣe é hàn mọ́. Ìyẹn náà ní ìtàn, ṣùgbọ́n ibi tí ó dé lónìí, kò dé ibẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni yóò mọ ohun tí ó yẹ kí àwọn yunifásítì wa ṣe, àti èyí tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe.

Ọba tí kò fẹ́ ìwé

Ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ti pẹ́ jù lórí ìbẹ̀rù àkọ́kọ́ wà nínú ìwé Phaedrus, èyí tí Plato, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gíríìkì, kọ ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù. Nínú ìwé náà, Socrates pa ìtàn kan nípa ilẹ̀ Íjíbítì. Òrìṣà kan tí ń jẹ́ Theuth ni ó ṣe àwárí òǹkà, ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀. Òun náà ni ó dá lẹ́tà sílẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ tọ Ọba Thamus lọ, ó ní lẹ́tà yóò mú kí àwọn ará Íjíbítì gbọ́n sí i, yóò sì ran ìrántí wọn lọ́wọ́. Ọba kò gbà. Ó ní òdìkejì ni yóò ṣẹlẹ̀: àwọn tí ó bá kọ́ ọ yóò di onígbàgbé, nítorí pé àmì tí ó wà lóde ara wọn ni wọn yóò gbẹ́kẹ̀ lé, wọn yóò sì jọ ọlọ́gbọ́n láìní ọgbọ́n. Socrates fi kún un pé ìwé dà bí àwòrán: ó jọ ohun abẹ̀mí, ṣùgbọ́n bí a bá bi í ní ìbéèrè, kò lè fèsì.

Ọ̀rọ̀ ọba yìí gan-an ni a ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ olùkọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe pé Plato kọ ọ́ sílẹ̀, a kì bá tí mọ̀ pé ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan wà tí èrò rẹ̀ ta ko ti ọba náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Paulin Hountondji, tí a bí ní 1942 tí ó sì jáde láyé ní oṣù kejì ọdún 2024, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní yunifásítì ìjọba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ó jiyàn pé níbi tí gbogbo ìmọ̀ ti gbọ́dọ̀ wà nínú orí, iṣẹ́ àtipa á mọ́ máa ń gba agbára ọpọlọ débi pé àyè àtiyẹ̀ ẹ́ wò kì í fi bẹ́ẹ̀ kù. Bí ìwé bá ti gba ẹrù náà lórí ẹni, ọpọlọ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì lè béèrè pé: ṣé òótọ́ ni ohun tí àwọn baba wa wí? Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fara mọ́ èrò yìí. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábíyìí Babalọlá Yáì, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí lítírésọ̀ alohùn Yorùbá. Òun wà lára àwọn tí ó ta kò ó gidigidi. Àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé méjèèjì yìí wúlò fún wa ju ìbẹ̀rù lásán lọ, nítorí pé ó kọ́ wa ní ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi ohun èlò tuntun gbogbo: ẹrù wo ni ó gbà lórí wa, iṣẹ́ wo ni ó sì ṣẹ́ kù fún wa láti ṣe?

Láti ẹnu dé ọwọ́

Ìbẹ̀rù kejì, ìyẹn ti ẹni tí ó ṣe iṣẹ́, kò lè yé wa bí a kò bá mọ bí ìdánwò ṣe di ohun tí à ń kọ sílẹ̀. Nígbà tí yunifásítì Páríìsì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1200, ẹnu ni a fi ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò. Olùkọ́ yóò gbé ìbéèrè kalẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́, yóò gbèjà èrò kan, àwọn mìíràn yóò sì máa ta kò ó títí tí a ó fi rí òpin ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá lóye ohun tí ó ń sọ kò lè dúró fún ìgbà pípẹ́.

Àwa náà mọ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ó ń kọ́ Ifá kì í mú ìwé wá sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Odù 256 ni ó wà níwájú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò sì fi jókòó ti ọ̀gá rẹ̀. Bí ó bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn awo, bí ó bá ti ń lọ déédéé ni wọn yóò máa gbè é. Bí ó bá ṣì í, wọn yóò dá a dúró, wọn yóò sì tọ́ ọ sọ́nà. Kò sí bí ẹlòmíràn ṣe lè bá a ṣe é. Ẹni tí a ń dán wò àti iṣẹ́ tí a ń yẹ̀ wò, ibì kan náà ni wọ́n wà, lójú kan náà.

Nígbà tí Napoleon dá ìdánwò baccalauréat sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 1808, ẹnu náà ni a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó yege ní ọdún 1809 kò ju 31 lọ. Ọdún 1830 ni a tó fi àkọsílẹ̀ kún un. Láti ìgbà náà ni ìwé ti ń borí ẹnu díẹ̀díẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòroó mọ̀. Àkọ́kọ́ ni iye ènìyàn: olùkọ́ kan lè gbọ́ ẹnu ọmọ 31, kò lè gbọ́ ti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Ìkejì ni ìdájọ́ òdodo. Ẹni tí ń gbọ́ ẹnu ọmọ rí ojú rẹ̀, ó mọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́, ó sì lè ṣe ojúsàájú. Ìwé tí a bo orúkọ rẹ̀ kò ní ojú.

Àwọn ará Ṣáínà ti mọ èyí ṣáájú Yúróòpù. Nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń yan àwọn òṣìṣẹ́ ọba, ìdánwò tí ó parí ní ọdún 1905, wọ́n máa ń bo orúkọ ẹni tí ó kọ ìwé mọ́lẹ̀. Nígbà ìjọba ìdílé Song, wọ́n tún ní kí àwọn akọ̀wé da gbogbo ìwé ìdáhùn kọ sórí ìwé mìíràn, kí olùyẹ̀wò má baà dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ̀. Síbẹ̀, èrú kò tán. Àwọn kan ń fi ẹ̀kọ́ pamọ́ sínú aṣọ, àwọn mìíràn ń rán ẹlòmíràn lọ jókòó fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan sọ́kàn níhìn-ín. Nígbà tí ìdánwò fi ẹnu sílẹ̀ lọ sí ọwọ́, a jèrè ìdọ́gba, a sì lè dán ọ̀pọ̀ ènìyàn wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí a pàdánù ni ìdánilójú pé ẹni tí ó mú iṣẹ́ wá ni ó ṣe é. Gbọ̀ngàn ìdánwò àti àwọn tí ń ṣọ́ ọ ni a fi dí àlàfo náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ iṣẹ́ wá láti ilé, àlàfo náà tún ṣí sílẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ni ó wà níbẹ̀, àti ìrètí pé owó tí ẹni tí ń bá ènìyàn kọ̀wé ń gbà yóò pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní. Ní ọdún 2022, owó náà di òfo.

Ẹ̀rọ ìṣirò àti ìwé ìmọ̀ gbogbo ayé

Kí a tó dé orí ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀, ó yẹ kí a rántí méjì nínú àwọn àbúrò ìbẹ̀rù Thamus. Ní ọdún 1972, ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard ṣe ẹ̀rọ ìṣirò kan tí ó wọ inú àpò, tí ó sì lè ṣe iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń fi ìwé àti igi ìdíwọ̀n ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn olùkọ́ pariwo pé àwọn ọmọ kò ní mọ ìṣirò mọ́. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìṣirò ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé kí a máa lò ó ní kíláàsì. Ní 1994, wọ́n gbà á láyè nínú ìdánwò SAT tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń ṣe kí wọ́n tó wọ yunifásítì. Ohun tí ó tán ìjà náà ni pé àwọn olùkọ́ jókòó, wọ́n pinnu ohun tí ó yẹ kí ọmọ mọ̀ sórí àti ohun tí ẹ̀rọ lè bá a ṣe.

Wikipedia bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2001. Ní 2007, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtàn ní Middlebury College ní Amẹ́ríkà fòfin dè é pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má tọ́ka sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Wọn kò ní kí wọ́n má kà á. Wọ́n ní ibi tí ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀ ni, kì í ṣe ibi tí ó ń parí sí. Òfin tó mọ́gbọ́n dání ni, nítorí pé ó fi ìyàtọ̀ sáàárín lílo ohun èlò àti gbígbé iṣẹ́ ẹni fún un.

Ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀

Olùkọ́ yunifásítì ni ẹni tí ó ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ń bá ènìyàn fọ̀rọ̀ wérọ̀, òun náà sì ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rù rẹ̀. Joseph Weizenbaum ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ìlú Berlin ní 1923; ọmọ Júù ni, ìdílé rẹ̀ sì sá kúrò ní Jámánì ní 1936. Ó di olùkọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà. Ní 1966, ó tẹ àlàyé jáde lórí ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó pè ní ELIZA. Ẹ̀tàn kékeré ni ètò náà: bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ yóò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sí ìbéèrè, bí dókítà tí ń tọ́jú ọkàn ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n Weizenbaum rí i pé akọ̀wé rẹ̀, ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ lásán ni, ní kí òun jáde kúrò nínú yàrá kí ó lè bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà á. Ní 1976, ó kọ ìwé kan tí ó fi sọ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe ni ó yẹ kí a gbé fún un. Pé ìpinnu tí ó nílò àánú àti òye ènìyàn, ọwọ́ ènìyàn ni ó gbọdọ̀ wà.

Ẹ̀rọ òde òní ju ELIZA lọ fíìfíì. A ti fi ọ̀rọ̀ tí kò lóǹkà bọ́ ọ, láti inú ìwé àti íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ṣírò ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe kí ó tẹ̀lé èyí tí ó wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà òmíràn, lẹ́yìn náà òmíràn. Ní ọdún 2021, Emily Bender ti yunifásítì Washington àti Timnit Gebru, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wé odídẹrẹ́ tí ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi lè dárúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí, tí yóò fún un ní òǹkọ̀wé, ọdún àti ilé ìtẹ̀wé, láìṣẹ́jú. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀rọ náà ní aṣọ. Àkísà ni kò ní.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè tí àríyànjiyàn Hountondji àti Yáì fi lé wa lọ́wọ́. Ìwé gba ẹrù ìrántí, ó fi ìrònú sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀rọ ìṣirò gba ẹrù kíka òǹkà, ó fi ìtumọ̀ òǹkà sílẹ̀ fún wa. Ẹrù wo ni ẹ̀rọ yìí gbà? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní kí ó bá òun wá ìbéèrè ìwádìí, kí ó to èrò, kí ó wá ẹ̀rí, kí ó sì kọ ìparí ọ̀rọ̀, ohun tí ó gbé sílẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó torí rẹ̀ wá sí yunifásítì. Àròkọ kì í ṣe ọjà tí olùkọ́ fẹ́ rà. Kò sí olùkọ́ tí ó nílò ọgọ́rùn-ún àròkọ lórí kókó kan náà. Wàhálà tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe kí ó tó kọ ọ́ ni ẹ̀kọ́ náà. Níbi tí ìbẹ̀rù àwọn olùkọ́ ti tọ̀nà jù nìyí.

Èyí kò sọ pé ẹ̀rọ náà kò wúlò. Ọmọ tí ó fẹ́ lóye ìwé kan tí a kọ ní èdè tí kò gbọ́ lè jàǹfààní rẹ̀. Ẹni tí kò ríran náà lè jàǹfààní rẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè lò ó kó yá. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ni ó wà nínú ewu.

Nígbà tí aláìṣẹ̀ bá jẹ̀bi

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nígbà tí ìbẹ̀rù dé, ọ̀pọ̀ yunifásítì sáré lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ mìíràn, èyí tí a ní ó lè dá iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Ìtàn ẹ̀rọ atúdìí-àṣírí yìí kúrú, ó sì yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ OpenAI fúnra rẹ̀ gbé ọ̀kan jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023. Nínú àyẹ̀wò tí àwọn gan-an ṣe, nínú 100 iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kọ, 26 péré ni ó mú. Nínú 100 tí ènìyàn kọ, ó fẹ̀sùn kan 9. Oṣù méje kò pé tí wọ́n fi gbé e kúrò nílẹ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Stanford fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méje yẹ àròkọ 91 wò, àwọn àròkọ tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL. Ènìyàn ni ó kọ gbogbo wọn. Síbẹ̀, bí a bá pín in ní dọ́gba-dọ́gba, àwọn ẹ̀rọ náà pe ohun tí ó ju ìdajì wọn lọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n yẹ àròkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé Amẹ́ríkà wò, díẹ̀ kín-ún ni àṣìṣe wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí kò ya ẹ̀rọ lẹ́nu ni ẹ̀rọ ń pè ní ti ẹ̀rọ. Ẹni tí ó sì ń kọ èdè tí ó kọ́ nílé-ìwé sábà máa ń lo ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ àti gbólóhùn tí kò díjú, kí ó má baà ṣìnà.

Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ 75,000 ni ó gba abẹ́ ètò ìyẹ̀wò wọn kọjá ní ọdún 2022. Bí ẹ̀rọ bá ṣe àṣìṣe lórí ẹyọ kan péré nínú 100, iṣẹ́ bí 750 ni a ó fi ẹ̀sùn èké kàn. Wọ́n pa ẹ̀rọ atúdìí-àṣírí náà.

Kí ni èyí fún wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ní Atakpamé? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ìwádìí Stanford, ṣùgbọ́n ipò àwọn ọmọ wa kò yàtọ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bá a pàdé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Àwọn àgbà wa tí ó lọ ilé-ìwé ní ayé Dahomey mọ ohun tí à ń pè ní signal, ohun ẹ̀gàn tí a ń fi kọ́ ọmọ lọ́rùn nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Ìran wọn kọ́ Faransé pẹ̀lú ìtìjú, wọ́n sì fi kọ́ ọmọ wọn pé kí ó kọ ọ́ láìsí àléébù, gẹ́gẹ́ bí ìwé gírámà ṣe wí. Bí ọmọ-ọmọ wọn bá wá kọ Faransé tó mọ́ tónítóní, tí ẹ̀rọ kan wá sọ pé èyí mọ́ jù láti jẹ́ tirẹ̀, signal tuntun ni a so mọ́ ọn lọ́rùn. Bí yunifásítì wa kan bá ń gbèrò láti ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí ó rántí 91 yẹn.

Bí a ṣe lè padà sí ẹnu

Àwọn yunifásítì wa kò pẹ́ láyé. Ní 1965, Dahomey àti Tógò jọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ṣoṣo, lítírésọ̀ ní Lomé, sáyẹ́ǹsì ní Porto-Novo. Ní 1970, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ti Dahomey di yunifásítì ìjọba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, ó sì gba orúkọ Abomey-Calavi ní 2001, ọdún tí Parakou náà bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹgbàárùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ni ó wà ní Abomey-Calavi nìkan, àwọn olùkọ́ kò sì pọ̀ tó wọn. Ìdí tí ìwé fi borí ẹnu ní Faransé lẹ́yìn 1830 náà ni ó wà lọ́rùn wa: a pọ̀ ju ẹnu tí olùkọ́ lè gbọ́ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a kàn padà sí ìdánwò àfẹnudáhùn láìsọ ti iye olùkọ́, kò tíì sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, ẹnu kò kúrò nílé wa pátápátá. Soutenance ṣì wà: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ mémoire gbọ́dọ̀ dìde gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́. Ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ní ìparí ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí a mú wọ àárín rẹ̀. Kò pọn dandan kí ó gùn. Bí olùkọ́ bá mú ọmọ mẹ́wàá nínú igba, tí ó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún pé, "Kí ló dé tí o fi yan ẹ̀rí yìí? Ta ni ó lè ta kò ọ́?", tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ ẹni tí a ó pè, gbogbo igba ni yóò lóye ohun tí wọ́n kọ kí wọ́n tó wọlé. Ìbéèrè kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ó ń fún aláìṣẹ̀ ní àyè láti fi hàn pé òun mọ̀, èyí tí ẹ̀rọ atúdìí-àṣírí kò lè fún un láé.

Ọ̀nà kejì ni irú iṣẹ́ tí a ń fún wọn. Hountondji ṣàròyé títí tí ó fi kú pé ìmọ̀ ní Áfíríkà kọjú sóde jù: ilé wa ni a ti ń kó ohun tí a ó ṣèwádìí lé lórí, òkèèrè ni a ti ń ṣe ìtumọ̀ rẹ̀, òkèèrè náà ni ìbéèrè ti ń wá. Ìwé kan tí ó kó jọ lórí ìmọ̀ abẹ́lé jáde ní Dakar ní 1994. Ẹ̀rọ òde òní mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ le sí i, nítorí pé ohun tí a fi bọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀; Yorùbá kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ nípa ogun tí àwọn ará Dahomey gbé ja Kétu, títí tí ìlú náà fi tú ní 1886, ẹ̀rọ yóò fún un ní ohun tí àwọn mìíràn ti kọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó lọ sí ẹnubodè Akaba Ìdẹ̀nà, kí ó wò ó, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà agbolé méjì, kí ó kọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti yàtọ̀ sí ti ìwé àti ìdí tí ó fi rò pé ó yàtọ̀, kò sí ẹ̀rọ tí ó lè bá a rìn lọ síbẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dáàbò bo ìdánwò, ó sì tún fi kún ohun tí ayé mọ̀ nípa wa.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa olùkọ́ fúnra wa. Ẹ̀rọ náà ń dẹ wá wò bí ó ti ń dẹ akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ẹni tí ìwé ìdánwò ọ̀ọ́dúnrún wà níwájú rẹ̀ lóru lè rò pé kí òun gbé e fún ẹ̀rọ láti máàkì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ẹ̀rọ kọ ọ́, tí olùkọ́ sì fi ẹ̀rọ kà á, ẹ̀rọ méjì ni ó jọ sọ̀rọ̀, ìwé ẹ̀rí tí a fún ọmọ náà kò sì jẹ́rìí sí nǹkan kan. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ kí a lo ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n, àtọwọ́dá tàbí àbínibí. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ ka iṣẹ́ ọmọ, kí ó sì gbọ́ ẹnu rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Kí àwọn ìjọba wa sì gba olùkọ́ tó pọ̀ tó láti ṣe é, ìjà tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ jà nìyẹn, nítorí pé láìsí i, gbogbo ohun tí a sọ níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.